Ọgọ́rùn-ún Ìlẹ̀kẹ̀ Tẹ̀sùbáà

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin Moses ọmọ mi ni ọlọ́pàá mú Rùfáì àgbẹ̀ ní Àpòmù. Wọ́n ní òun ló jí nǹkan kó nínú bààlúù tí Moses wà tó fi kú. Nígbà tí wọ́n tú ahéré rẹ̀ lóko, wọ́n bá ìwé kékeré kan lábẹ́ ẹní rẹ̀, tí a fi aṣọ funfun wé, orúkọ Moses sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bi í bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ àfi bàbá olóògbé.

Èmi ni bàbá náà. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo jẹ́ ní Ìkirè kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀, n kò sì mọ̀ pé tèmi náà ń bọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1987 ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Kò ga, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, bàtà oko ló sì wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ ẹni tó jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Sàlámọ̀tù Gàrúbà, inspẹ́kítọ̀ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti Ìbàdàn, Ìkirè-Ilé ni wọ́n sì ti bí ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú pé mo wá yọ yín lẹ́nu nínú ọ̀fọ̀. Àgbàlagbà kan wà ní àtìmọ́lé tí kò fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ló ń béèrè.”

Nínú mọ́tò, ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún mi láìfi bò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ìjàm̀bá náà yóò buwọ́ lu ìwé wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹ́ńjìnnì kú sókè Ìkirè, pé bààlúù náà ṣófo, Moses nìkan ló wà nínú rẹ̀, àti pé kò mú eré tó yẹ kí awakọ̀ mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Àṣìṣe awakọ̀. Ẹ̀rí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá Òkè, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ni bààlúù, ni wọ́n gbé e kà. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá yìí kan náà ló sì fi ẹjọ́ sùn pé àwọn ará oko jí ohun èlò inú bààlúù òun kó. Ìdí tí wọ́n fi rán inspẹ́kítọ̀ wá nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn nígboro. Pásítọ̀ wa tilẹ̀ gbàdúrà ní gbangba pé kí Ọlọ́run dárí àìbìkítà ọmọ náà jì í. N kò ṣe àmín.

*

Rùfáì ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá Àpòmù láìwọ bàtà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí dáadáa.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?”

“Èmi ni.”

“Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?”

“Àmọ̀kẹ́. Ó ti ṣáájú rẹ̀ lọ.”

Ó mi orí. Ó ní orúkọ yẹn ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ó wá ní kí inspẹ́kítọ̀ gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, lójú òun, ó sì dúró títí mo fi gbà á.

Ó ní, “Inú koríko ni mo ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín. Ohun òkú, àmánà ni, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọlọ́pàá kọ́ ló bí i. Mo ti ń béèrè ilé yín, ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè dé.”

Kọ́ńsítébù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní irú àmánà wo ni wọ́n ń kó pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Rùfáì kò yíjú sí i. Ó ní, “Orí òrùlé ni bàbá tìrẹ ń kó o sí ni?”

Inspẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n fún bàbá ní bàtà rẹ̀, kó máa lọ sílé. Kọ́ńsítébù ní ó di dandan kí ọ̀gá Ìbàdàn gbọ́. Obìnrin náà dá a lóhùn pé òun ni ọ̀gá Ìbàdàn, òun sì ti gbọ́.

Nígbà tí a jáde, mo bi í léèrè ohun tó mú un gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gbọ́ kíákíá báyẹn. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jí ìjókòó bààlúù mẹ́ta. “Bàbá, ẹni tó jí ìjókòó mẹ́ta ló wá ń fi aṣọ funfun wé ìwé? Ẹ ṣí i ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀.”

*

Orí tábìlì mi ní Ìkirè la ti ṣí i. Mo mọ ìkọ̀wé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi rúlà fàlà sábẹ́ àkọlé. Lókè ojú ewé kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Eré tó dára jù fún rírà.*

Ó ti gbìyànjú nígbà kan láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kà á tán. Nígbà tí mo kà á tán, n kò bi í mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ kà á sókè. Moses kọ ọ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, bààlúù kì í já bọ́ bí òkúta. Ńṣe ló máa ń rà bí àṣá tí kò ju apá, á máa lọ síwájú, á sì máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí awakọ̀ bá dẹ eré jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé apá rẹ̀ mọ́. Bí ó bá sáré jù, á tètè balẹ̀. Láàárín méjèèjì, eré kan ṣoṣo ló wà tó lè gbé e jìnnà jù lọ látorí ìwọ̀n gíga tó bá wà. Eré yẹn ni ọmọ mi ń wá.

Ó sì wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ó gbé bààlúù náà lọ sókè, ó dẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kú, ó wá rà fún ìṣẹ́jú kan gbáko ní ọgọ́ta máìlì ní wákàtí kan, ó kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó sọ̀kalẹ̀. Ó tún gòkè, ó rà ní márùndínláàádọ́rin. Ó tún gòkè, àádọ́rin. Bẹ́ẹ̀ títí dé àádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ló wá ṣírò bó ṣe rìn jìnnà tó fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó pàdánù. Ó fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan: *Eré tí ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ jù kọ́ ló ń lọ jìnnà jù.* Ní ọgọ́ta, ìṣẹ́jú kan kò mú un sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rìn kò pọ̀. Àádọ́rin ló gbé e jìnnà jù.

Kò dúró síbẹ̀. Ó di àpò yanrìn sí ẹ̀yìn bààlúù, ìwọ̀n ènìyàn mẹ́ta, ó fi okùn so ó mọ́lẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsì rẹ̀ yí padà. *Èmi nìkan: àádọ́rin. Èmi àti ẹrù ènìyàn mẹ́ta: ọgọ́rin.* Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ẹrù kì í gé ọ̀nà kúrú, eré ló ń béèrè fún sí i.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ya ìlà kan sílẹ̀ tó kọ *Ẹ́ńjìnnì kú pátápátá* sí. Kò kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Ó bi mí ta ló ní kí Moses ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Àwọn tó kan bààlúù ti kọ eré kan sínú ìwé tiwọn fún ẹrù kíkún, ó sì parí. Òun ló ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Bàbá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kò bìkítà.”

Mo dìde lọ bu omi fún un.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń fi ìka lu tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá sọ fún ìgbìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: òun ń wa píkọọ̀pù bọ̀ lójú títì Ìkirè, òun gbójú sókè, òun sì rí bààlúù tó ń sáré wálẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé, eré náà yóò tó àádọ́rùn-ún, ká ní ó mú àádọ́rin ni, ì bá rà dé ibi tó tẹ́jú.

“Bó bá rí bó ṣe wí, ọmọ yín jẹ̀bi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìdí tí ọkùnrin yìí fi ń purọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ báyìí. Eré mélòó ni Moses mú?”

Mo ní ta ló lè mọ ìyẹn, nígbà tí ẹni tó wà á ti kú.

Ó ní, “Ilẹ̀ la máa bi.”

*

Ẹni tí a kọ́kọ́ bi ni Sìlífátù, tó ń dín dòdò lẹ́bàá títì Ìkirè, níbi tí àwọn mọ́tò Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti ń dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà mọ́ inú èèpo rẹ̀ ló ń gún mọ́ ata. Ó ní kí a kọ́kọ́ jẹ dòdò, nítorí ẹnu gbígbẹ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Inspẹ́kítọ̀ jẹ ẹ́, ó sì yìn ín.

Sìlífátù ní lọ́jọ́ náà, bààlúù ń kùn bọ̀, òun kò kà á sí. Ìgbà tó dé orí òun gan-an ni ohùn rẹ̀ gé.

“Ṣé orí yín gan-an, àbí ẹ̀gbẹ́ kan?”

“Màdáámú, mo gbójú sókè báyìí ni, ọrùn mi fẹ́ ṣẹ́. Mo ń wò ó títí odindi àwo dòdò kan fi jó mọ́ mi lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ǹ bá ti fi ojú kan wo epo mi.”

Inspẹ́kítọ̀ bi í níbo ni èéfín iná rẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ náà. Sìlífátù wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀. Ó ní èéfín náà dúró ṣánṣán bí òpó, ó ń ta òun lójú, nítorí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé afẹ́fẹ́ tó ń tini lẹ́yìn tàbí tó ń dojú kọni lè ba ìṣírò jẹ́. Afẹ́fẹ́ kò sí. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kú dá wa lójú. Ibi tí bààlúù balẹ̀ sí dá wa lójú. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó na òwú lé àwòrán ilẹ̀ láti àdúgbò Sìlífátù dé oko Rùfáì. Máìlì mẹ́ta géérégé.

Àkókò ló kù.

*

Oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè ni ibẹ̀, òun nìkan sì ni ilẹ̀ tó là láàárín kòkó láti Ìkirè dé Àpòmù. Wọ́n ti gbé bààlúù náà lọ. Ipa táyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó tọ́ bí ìlà rúlà, títí dé ibi tó ti kọlu ebè tó sì dojú dé. N kò tíì débẹ̀ rí. Mo dúró lórí ilẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀.

Rùfáì fi ibi tó wà lọ́jọ́ náà hàn wá, lódìkejì odò kékeré, lábẹ́ igi obì tó ti máa ń kírun. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni. Òun ń gbọ́ kíkùn bààlúù láti apá Ìkirè. Bí òun ṣe mú ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ nínú tẹ̀sùbáà ni ohùn náà gé.

“Ṣé ẹ dá tẹ̀sùbáà dúró?”

Ó tẹ orí ba. Ó ní òun kò dá a dúró. Nígbà tó kù bí ọgbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ ni òun rí i tó ń rà bọ̀ lókè kòkó, kò pariwo, òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ìgbà mẹ́ta parí, òun fi ẹyọ kan dé e lórí, ó pé ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni táyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ó ní, “Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè. Ká ní mo dìde, ká ní mo pariwo.”

Inspẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku. “Bàbá, ká ní ẹ dá a dúró ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ òtítọ́ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi bí ẹ ṣe kà á lọ́jọ́ náà. Ẹ má yára, ẹ má falẹ̀.”

Rùfáì pa ojú dé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé aago rẹ̀ sókè. Mo gbọ́ bí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe ń kan ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka ọgọ́rùn-ún pé, obìnrin náà ní kó tún un kà, ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìṣẹ́jú méjì ni.

Mo ti ṣe ìṣírò náà kí ó tó sọ ọ́. Máìlì mẹ́ta ní ìṣẹ́jú méjì. Àádọ́rùn-ún ní wákàtí kan.

Iye tí Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá sọ nìyẹn. Ọmọ mi sáré. Ẹ̀rù bà á, ó sáré. Mo di igi obì náà mú. Mo sọ fún inspẹ́kítọ̀ pé kó má ṣe wàhálà mọ́, pé òfin ni mo bá ṣiṣẹ́, bí ẹ̀rí bá ti dé, ó dé.

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Àṣé ó ń wo òkè odò, níbi tí ọkùnrin kan ti ń gé igi lọ́ọ̀ọ́kán.

“Bàbá, ẹ wo àáké yẹn.”

Mo wò ó. Ọkùnrin náà sọ àáké mọ́ igi, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti tún gbé e sókè kí ìró rẹ̀ tó dé etí wa.

Ó ní, “Ìró kì í bá ojú dé. Ó máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lórí máìlì kan. Máìlì mẹ́ta ni Ìkirè sí ibi tí a dúró sí yìí. Nígbà tí Bàbá Rùfáì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì gé, ó ti tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti gé ní Ìkirè. Moses ti ń rà kí wọ́n tó mú ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́.”

Ó fi igi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú kan. Máìlì mẹ́ta. Ó pín in, ó tún un pín, ó sì dìde.

“Ọgọ́rin,” ló wí.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ adájọ́ àti agbẹjọ́rò ní ọgbọ̀n ọdún. N kò rí ẹni tó lo etí àti ojú báyìí rí.

Ó ní, “Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òfìfo, àádọ́rin, kò ní fi ọgọ́rin rà nínú òfìfo. Ká ní àádọ́rin ló mú ni, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni bàbá yìí ì bá tún kà lórí ọgọ́rùn-ún. Moses mú eré ọkọ̀ tó ru ẹrù. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀n ènìyàn mẹ́ta.”

Ó yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Bàbá, ta ló wẹ òkú?”

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í wẹ òkú ọmọ. Wọ́n ní kí n má wọ yàrá náà. Mo wọ̀ ọ́.

Mo ní, “Èmi ni.”

“Níbo ni àpá náà wà?”

Mo ní iwájú orí rẹ̀ kò ní ìpalára kankan, àyà rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọrùn ni. Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo sì ti wọ̀ ọ́ láṣọ, kò sọ sí mi lọ́kàn láti béèrè bí ẹni tó kọjú sí ilẹ̀ ṣe fi ẹ̀yìn gbọgbẹ́.

Rùfáì ló kọ́kọ́ yísẹ̀. Ó mú wa rékọjá odò lọ síbi tí bààlúù ti dojú dé. Ó ní ohun kan wà tí òun kò kà sí. Níbi kan tó fẹ̀ tó ẹní méjì, koríko kankan kò hù láti ọjọ́ náà, àwọn ìjàlọ sì kú sílẹ̀ ní ìlà. Inspẹ́kítọ̀ bu erùpẹ̀ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú Rùfáì.

“Oògùn kòkó ni,” ni bàbá wí. “Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àtàárọ̀ ni mo ti ń fín kòkó. Mo rò pé ara mi ló ń rùn.”

Àwọn ará abúlé tí Rùfáì sáré lọ pè lọ́jọ́ náà, oko kòkó ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí ẹnikẹ́ni lágbègbè yìí tí ara rẹ̀ kì í rùn báyẹn nínú oṣù kẹjọ. Òórùn ẹrù náà wà nílẹ̀ níwájú ogún ènìyàn, olúkúlùkù sì rò pé aṣọ òun ni.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ náà díẹ̀. Ó rí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì kan, pupa, tó fọ́ sí méjì.

*

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá dé àgọ́ ọlọ́pàá Ìkirè. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì bá mi kẹ́dùn dáadáa. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti fi olè sílẹ̀, kí ló dé.

Inspẹ́kítọ̀ ní kó jókòó. Ó bi í kí ló wà nínú bààlúù lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí nǹkan kan, Moses nìkan ni. Ó bi í nípa ìjókòó mẹ́ta. Ó ní àwọn ará oko ló tú u lọ.

“Ihò tí wọ́n fi ń de ìjókòó mọ́lẹ̀ ti dí fún eruku. Mo sì rán ènìyàn lọ sí Ìbàdàn lánàá. Ìjókòó mẹ́ta náà wà nínú ilé tí ẹ ń gbé bààlúù sí, lábẹ́ tapólì.”

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ní wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n lè tún un ṣe ni, òun ti gbàgbé. Pé ìyẹn kò sọ pé ẹrù wà níbẹ̀.

“Òótọ́ ni. Ẹ ní Moses sáré jù.”

“Ó sáré jù. Àádọ́rin ló yẹ kó mú.”

“Ta ló sọ àádọ́rin fún yín?”

“Moses náà ni. Kí ni kì í sọ? Ojoojúmọ́ ló ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé kékeré rẹ̀ yẹn.”

“Ẹni tó ń dá yín lẹ́kọ̀ọ́ lórí àádọ́rin, kí ló mú un rà ní ọgọ́rin?”

“Ìbẹ̀rù.”

“Ọ̀gá, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi máìlì mẹ́ta wá ilẹ̀ kan ṣoṣo tó là nínú igbó kòkó, kó sì gbé táyà lé àárín rẹ̀.”

Ó gbé ọmọrí kẹ́ẹ̀gì náà sórí tábìlì. Ó ní ẹrù tó wà nínú bààlúù náà wúwo tó ènìyàn mẹ́ta, kò sì sí okùn tó so ó mọ́lẹ̀. Ọmọ yìí gbé bààlúù balẹ̀ láàyè. Ebè ló yí i dé, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì pa á. Ẹrù yẹn ni píkọọ̀pù Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá gbé sá lọ nígbà tí Rùfáì sáré lọ sí abúlé láti pe ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ló sọ láìgbé ohùn sókè.

Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá béèrè omi. Wọ́n fún un. Kò mu ún.

Ó ní, “Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ni. Oko ńlá kan lápá Oǹdó ló ń dúró dè é. Ìwé àṣẹ wa kò gba ká gbé e.”

Èmi ni mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Mo bi í bóyá Moses béèrè okùn.

Kò lè wò mí.

“Ó béèrè. Mo ní kó máa lọ, a ó rà á lọ́la.”

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìgbìmọ̀ kò buwọ́ lu ìwé náà. Inspẹ́kítọ̀ Sàlámọ̀tù ti kó ẹ̀rí rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ láàárọ̀, ọ̀nà àti àkókò, èéfín Sìlífátù, ìró àáké. Mo gbọ́ pé ẹnì kan nínú wọn bi í bóyá tẹ̀sùbáà àgbẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní kí wọ́n fi aago tiwọn wọ̀n ọ́n wò. Wọ́n rán ẹni méjì wá sí Àpòmù pẹ̀lú aago. Ìṣẹ́jú méjì ni Rùfáì kà fún àwọn náà. Nínú ìwé tí wọ́n wá buwọ́ lù níkẹyìn, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn awakọ̀ mọ́.

Kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà tó padà sí Ìbàdàn, ó yà kí mi. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní òun kàn ka ohun tí Moses ti kọ sílẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dá lọ sí oko Rùfáì. Onítẹ̀bọmi ni mí, òun sì jẹ́ Mùsùlùmí. Mo ní kó bá mi ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ́kọ́ fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wá mi orí sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Mo kọjú sí apá Ìkirè. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmọ mi mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí okùn, ó sì di eré rẹ̀ mú.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi obì, mo ṣí ìwé náà. Mo mú kálámù mi jáde. Síwájú ibi tó kọ *Ẹ́ńjìnnì kú pátápátá* sí, mo kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi kọ ìdájọ́ fún ọgbọ̀n ọdún:

*Ọgọ́rin. Ìkirè sí Àpòmù, máìlì mẹ́ta. Ó tọ̀nà.*

Mo fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀.